Ohun Tí Àtàǹpàkò Mọ̀

Gílóòbù kan, tábìlì kan, wáyà mẹ́tàdínlógún,
lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìlárá, ní Kétu:
ibẹ̀ ni mo ti ń tún fóònù ṣe
láti ìgbà tí ọ̀nà náà ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa.
Ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé wá. Ẹjọ́ ni mo ń gbọ́.

"Ìbíkúnlé, yọ eléyìí, fi tèmi sí i."
"Èwo ni tiyín?"
"Èyí tó dà bí àsíá."
Tíṣà Adéwọrí nìyẹn. Kúróòmù ló ń wí:
pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé,
ó ní gbogbo àwọ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló pé sára rẹ̀.
Kò ka búlúù àárín yẹn kún.
Mo ní àwọn tó ṣe é kò gbọ́ orúkọ Kétu rí.
Ó ní kí n dákẹ́, kí n fi sí i.

Láwánì tó ń fi alùpùpù kérò,
kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ oníná ló fẹ́ ní tirẹ̀:
"Ẹranko yẹn kì í ròyìn ẹni.
Àwọn tó kù, bí o bá wo bàtà lẹ́ẹ̀kan péré,
bàtà á máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn dé orí ẹní."
Ta ló sọ fún un? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kutọnu.
Ta ló sọ fún ẹ̀gbọ́n? N kò bèèrè.
Ọkùnrin tó ní ìyàwó méjì,
tí ọ̀kan kò tíì gbọ́ nípa èkejì,
bó bá ní ilẹ̀kùn tó panu mọ́ lòun ń wá,
ta ni yóò bá a jiyàn?

Èmi, Òpẹ́rà kékeré ni mo fi dàgbà.
Kì í ṣe pé ó yára.
Ó ń fún ojú ewé bí ẹni ń fún aṣọ,
ìwọ̀nba tí owó rẹ ká ló ń kán sí ọ lọ́wọ́.
Ìyá ìyá mi ra omi mu ní Kétu yìí
nígbà tí kànga jìn ju okùn lọ.
Igbá kan: bọ́jú, fi ìyókù ṣan ẹsẹ̀,
da ìdọ̀tí rẹ̀ sídìí ata.
Ẹni tí wọ́n tọ́ báyẹn kò lè jókòó máa wò
kí àwòrán tí kò bèèrè fún
jẹ ọgọ́rùn-ún fàráǹkì rẹ̀ tán.
Ìdí tèmi nìyẹn. Mo rò pé ìdí gidi ni.

Mùtíátù àgbà gbé tirẹ̀ wá nínú ọ̀rá.
Ojú rẹ̀ ló fọ́. Mo pààrọ̀ ojú,
mo tún gbá inú rẹ̀ mọ́,
mo yọ ògbólógbòó, mo fi èyí tó yá sí i lọ́fẹ̀ẹ́,
kí n lè gba àdúrà.
Kí oòrùn tó wọ̀ ó ti padà dé. Kò pariwo.
Ó na àtàǹpàkò sí igun ìsàlẹ̀, lápá òsì,
ibi tí òbìrí pupa yẹn máa ń wà.
Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀.

"Sùbérù ló fi síbẹ̀ lóru tó ń lọ sí Gàbọ́n.
Ó mú ìka mi, ó ní, Ìyá,
ibí ni kí ẹ máa tẹ̀, ẹ ó rí mi."

Mo ṣàlàyé pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ń gbé ni dé,
ojú Sùbérù kan náà ni.
Ó wò mí.
"Kétu la bí ọ sí, Ìbíkúnlé.
Pẹ̀lú bí odi yìí ṣe gùn tó, ẹnubodè kan ni wọ́n dá sí i.
Ṣé o ò mọ̀ pé ibi tí èèyàn gbà jáde
ni wọ́n ti ń retí rẹ̀ ni?"

Mo wá ògbólógbòó náà padà.
Nẹ́tíwọọ̀kì ń wọ́ bí arọ;
wọ́n pe ìrun alẹ́ kó tó wọlé tán.
Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí. Ó ń yí, ó ń yí,
kò tíì gbé ojú ẹnikẹ́ni jáde
tí Mùtíátù fi dìde lórí bẹ́ǹṣì.
Ó ní ó ti tó bẹ́ẹ̀,
òun á máa wò ó délé.