Ara Rọ Okùn, Ara Rọ Ẹyẹ

Fọlárìn, pa katakata yẹn ná.
Sọ̀kalẹ̀. Gbójú sókè.

Wáyà mẹ́ta, láti òpó dé òpó,
wọ́n gba orí àká irin kọjá lọ sí ọ̀nà Humboldt.
Ẹyẹ dúdú méje bà lé e.
Wọ́n ní ẹyẹ bà lókùn,
ara ò rọ okùn, ara ò rọ ẹyẹ.
Ní Saskatchewan yìí, irọ́ ni.
Ara rọ okùn, ara rọ ẹyẹ;
èmi tí ẹsẹ̀ mi wà nílẹ̀ ni ara ò rọ̀.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ.
Ní Ìlá, wáyà ojúlé wa a máa sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì,
àwa ọmọdé a máa ki ọ̀pá bọ àárín rẹ̀, ká fi já máńgòrò.
Bí iná bá dé, gbogbo àdúgbò á hó yèè,
a ó sì sá.
Níbí, kò sẹ́ni tó ń hó.
Wáyà yìí kò tíì sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ta á.
Kò rùn, kò rú èéfín.

Àgùnfọn onírin tí a fi ń da ọkà sínú àká yìí,
fa ọrùn rẹ̀ wálẹ̀ kí o tó wọ́ ọ. Pátápátá.
Má sọ pé àká kejì kò jìnnà.
"Kò jìnnà" ni Orest wí,
lọ́dún tí yìnyín tètè dé.
Èmi ń wa katakata, òun di ẹ̀yìn ẹ̀rọ mú.
Mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí wọ́n ya aṣọ tuntun.

Mo fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lọ gbé e.
Darlene ló ké láti ẹnu ọ̀nà:
"Jókòó síbẹ̀! Má fẹsẹ̀ kanlẹ̀!"
Ọkọ rẹ̀ ló wà nílẹ̀ yẹn o.
Èmi ló ń ké mọ́.
Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi jókòó, tí mo ń wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀,
kí àwọn oníná tó dé wá pa á.

Bí ẹ̀rọ bá gbiná nìkan ni kí o bẹ́:
ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, má di nǹkan kan mú,
kí o máa tọ lọ bí adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀.
Ojú kì í ti alààyè.

Wọ́n ní ká fi mítà mẹ́ta jìnnà sí i.
Fi márùn-ún sí i, torí tèmi.

Obìnrin tó dúró lẹ́bàá òpó, nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn,
Darlene nìyẹn. Ọdọọdún ló ń wá dúró.
Bó bá gbọ́wọ́ sókè, dúró.
Má bi í pé kí ló dé.