Gbèsè Àwọ̀

Bàbá mi ta aṣọ láwìn dé Ìkirun, ó tà á dé Òkè Ọya.
Bó bá dọjọ́ owó, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
a ní, "Òṣó ni mà á ló."
Kò sí òjò, kò sí oòrùn tí í gbé e dìde.

Lánàá, mo gbé àpótí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa l'Ókèsà,
mo kọjú sí òrùlé Iléṣà.
Orúnkún mi ò gbọ́ òṣó mọ́.
Àpótí ló ń bá mi ló o.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí
nígbà tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì sínú agolo mílíìkì,
mo ní mò ń bọ̀.
Mo lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo lọ́kọ. Mo bí mẹ́rin, mo sin ọ̀kan.
Kí n tó bojú wẹ̀yìn, omi agolo ti gbẹ,
irun búrọ́ọ̀ṣì ti le bí ìgbálẹ̀.

Fọlárànmí ló fi páálí pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́.
"Pásítẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é, Màámi."
Mo ṣí i: ogójì igi kéékèèké sùn ti ara wọn
bí ọmọ ìkókó ní wọ́ọ̀dù wa láyé ọjọ́un.
Ṣé ṣọ́ọ̀kì rèé ni, àbí ẹfun?
Kò gba omi. Kò gba búrọ́ọ̀ṣì.
Ìka ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ lójú.

Ìka yìí ló máa ń wá iṣan lápá ọmọ ọjọ́ mẹ́ta,
kì í gbọ̀n.
Ó gbọ̀n lánàá.
Mo fa ìlà òrùlé kan, ó lọ kọ́lọkọ̀lọ.
Aláwọ̀ osùn kán sí méjì mọ́ mi lọ́wọ́.
Mo fẹ́ nu àṣìṣe náà kúrò,
n kò mọ̀ pé nínù ọ̀hún gan-an ni kíkùn:
ibi tí àtàǹpàkò mi gbà kọjá
ni páànù ti dípẹtà,
ìpẹtà tòótọ́,
irú èyí tí òjò ogójì ọdún ń rọra kó jọ.

Ìyá Dúródọlá gòkè wá tọrọ iyọ̀.
"Nọ́ọ̀sì, ta ló fi osùn kùn ọ́ níwájú orí
bí abiyamọ tuntun?"
Mo ní èmi náà ni.
Ó ní kí wá ni mò ń yà. Mo ní òrùlé yín ni.
Ó tẹjú mọ́ ọn títí, iyọ̀ ń dà lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ibi tó ń jò dà?"
Mo mú aláwọ̀ ẹ̀lú, mo fi ibi tó ń jò sí i.

Ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí. Ẹ̀fọn ti dé.
Ìyẹ̀fun àwọ̀ kún ìṣẹ́po aṣọ mi,
bẹ́ẹ̀ n kò tíì gbà ju sílè mẹ́ta lọ nínú gbèsè náà.
Ẹni bá ń wá mi fún oúnjẹ alẹ́,
ẹ ní kó bu tirẹ̀ jẹ.
Ẹ ní mo lóṣòó.