Agolo Mẹ́ta

Ojú ìwé keje, ẹ ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀:
ibo ni mo ti rà á, ọjọ́ wo, lọ́wọ́ ta,
ìwé owó rẹ̀ dà?
Mẹ́tìrì, ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ n mí.

Ọjà Ìlárá ni, lẹ́bàá ẹnubodè,
lọ́wọ́ Ìyá Sẹ̀kínátù tó ń ta ọṣẹ àti abẹ́rẹ́.
Náírà ni mo san, ó fi sẹ́fà ṣe ṣéńjì fún mi,
ó ki àtíkè náà sínú ọ̀rá kan pẹ̀lú máàgì.
Ta ló ń gba ìwé owó lórí àtíkè?
Ìyá Sẹ̀kínátù ti kú. Ikọ́ ló pa òun náà.
Ẹ má kọ ìyẹn, kò sí ìwé dókítà níbẹ̀.

Ẹ kọ èyí:
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìgbẹ̀bí Kétu,
mo gbálẹ̀, mo fọ ẹ̀jẹ̀, mo gba ọmọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí.
Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ọ̀sà wà lẹ́yìn ilé yín;
ní tiwa, okùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó kí omi tó dé ẹnu kànga.
Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, báfù omi kan fún ọmọ mẹ́rin.
Ohun tí omi kò tó ṣe, àtíkè ló ń bá wa ṣe é:
ọrùn, abíyá, ìdí.
Mo gbọn agolo, ó rú bí ìkùukùu níbi fèrèsé,
oòrùn àárọ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá,
á máa tàn yinrinyinrin.
Mo fẹ́ràn rẹ̀.
Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Dókítà na fótò àyà mi sí iná.
Ó ní òkúta kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń já bí òwú,
àmíyáńtì lorúkọ rẹ̀;
òun àti òkúta àtíkè a máa sùn lórí ẹní kan náà,
àwọn tó wa á kò yà wọ́n sọ́tọ̀.
Fọ́nrán rẹ̀ wọ inú mi, ó jókòó,
ogójì ọdún, kò bá ẹnikẹ́ni jà.
Lọ́dún èṣí ó dìde.

Ilé iṣẹ́ náà fèsì, ẹ kà á fún mi lánàá:
wọ́n ní ó lè jẹ́ eruku Kétu.
Eruku Kétu!
Èyí tí ìyá ìyá mi fi ọgọ́rin ọdún gbá,
tí a sì ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti ìdí kànga dé oko
títí di ọjọ́ tó kú.
Pupa ni eruku wa, Mẹ́tìrì.
Ẹ bi wọ́n pé àwọ̀ wo ni tiwọn.

Ẹ tún béèrè iye tí mo fẹ́.
Mo mọ iye omi, mo ti rà á rí ní báfù báfù.
Èémí, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n tà.
Ẹ kọ owó oògùn, owó mọ́tò Kétu sí Àjàṣẹ́,
gbèsè tí Ìbùkúnọlá jẹ nítorí mi.
Èyí tó kù, ẹ̀yin lẹ kàwé.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn kò sí lójú ìwé kankan.
Àwọn ọmọ yẹn. Àtíkè ni mo fi pa wọ́n lára.
Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ.
Ọ̀kan nínú wọn ló fi sémíjàn gbé mi dé ibùdókọ̀ lónìí,
géńdé, ó ní, "Ìyá Matanité, ẹ ò rántí mi?"
Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan.
N kò gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn náà mọ́.
Eruku ọ̀nà ni, àbí ọwọ́ mi?
Lọ́jọ́ tí adájọ́ bá jókòó,
apá ibo ni ẹ ó ní kí n wà?

Agolo mẹ́ta nìyí.
Bọ́tìnì wà nínú ọ̀kan, ẹ má sọ wọ́n nù.
Èkejì ṣófo.
Ẹ̀kẹta ṣì ní díẹ̀ nísàlẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ yín wọ ìbọ̀wọ́,
ó bo imú, ó yíjú kúrò,
ó fi ìka méjì gbé e sínú ọ̀rá bí ẹni gbé àkekèé.
Bo imú rẹ dáadáa, ọmọ mi.
Láti ogójì ọdún, ìwọ lẹni àkọ́kọ́
tí mo rí tó bẹ̀rù rẹ̀.