Ahọ́n Daw Ohn Tin

Aago márùn-ún kù díẹ̀ ní etí odò Thanlwin,
ìkùukùu ṣì bo omi bí aṣọ tí ẹnìkan gbàgbé láti ká.
Ìkòkò ti dé kí n tó dé.
Ìkòkò máa ń dé kí n tó dé.

Ẹja àrọ̀ tí wọ́n bọ̀ lálẹ́ àná,
tí wọ́n yọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
koríko ọba tí wọ́n lù kó tó wọnú omi,
ajó, atalẹ̀, inú igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́,
ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n yan títí tó fi ń ta sánsán,
gbogbo rẹ̀ ń hó kutukutu ní kùtùkùtù.

Mohínga ni wọ́n ń pè é.
Bí ẹnìkan ní Mawlamyine bá sọ fún ọ pé òun ti jẹun àárọ̀,
tí kò sì mu mohínga,
ìpápánu ló jẹ, kó má purọ́.

Ọdún kẹfà rèé tí ibà wọlé Daw Ohn Tin.
Nígbà tí ibà ń lọ, kò mú ojú, kò mú etí,
ó ní ìtọ́wò nìkan tó òun í gbé.
Láti ìgbà náà, iyọ̀ àti yanrìn,
ọ̀kan náà ni wọ́n lẹ́nu rẹ̀.
Kò sọ fún ọmọ rẹ̀ tó ń bó edé ní Táílándì,
kò sọ fún oníbàárà.
Èmi tí mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ni mo mọ̀,
torí pé, bó bá ti bu ti àwọn àlùfáà Búdà sọ́tọ̀,
abọ́ tèmi ló kàn.

Kì í bi mí pé, ṣé ó dùn?
Ojú mi ló ń kà.
Bí ìpéǹpéjú mi bá wálẹ̀, ó ti tó.
Bí mo bá sún ètè jọ, ọsàn wẹ́wẹ́ ti pọ̀ jù.
Bí mo bá ń wo odò, iyọ̀ ló kù.

Ní òru ọjọ́rú kan, fóònù dún.
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, láti Hpa-an:
Ìyá sùn, kò jí mọ́.
Ọkọ̀ àkọ́kọ́ di aago mẹ́jọ.
Èmi tí mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé,
n kò rí èyí tó lè gbé mi lọ lóru.

Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó.
Mo bu síbí kan, mo ń wo odò.
Ó bu iyọ̀ sínú ìkòkò.
Mo bu ìkejì, mo ń wo odò.
Ó bu iyọ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ko Thet Lwin oníkẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀.
Ojú rẹ̀ yọ síta.
Ó wò mí, ó wo Daw Ohn Tin,
ó rún àkàrà ẹ̀wà gbígbẹ sínú abọ́,
ó tún mu ún.
Àwọn ẹlẹ́ja mẹ́ta fi odindi kẹ́tùlù tíì kan ṣan ọ̀fun.
Kò sẹ́ni tó yanu,
àfi ọmọ kékeré kan tí àtíkè epo igi wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀:
“Ìyá àgbà, ṣé òkun lẹ sè lónìí ni?”
Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Daw Ohn Tin gbé ìgbákọ sílẹ̀.
Ó wo ojú mi pẹ́,
bí aránṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òdì aṣọ lòun ń rán.
Ó jókòó tì mí,
ohun tí kì í ṣe nígbà tí ìkòkò bá wà lórí iná.
“Iyọ̀ ni,” ó ní, “àbí ọ̀fọ̀?”
Mo ní, “Ìyá mi ni.”

Kò da ọbẹ̀ náà nù. Wọ́n mu ún tán.
Ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ di nódùlù gbígbẹ fún mi,
ó fi ẹyin pẹ́pẹ́yẹ kan sí i,
ó ní, má tíì tú u.

Ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà ni mo ti tú u.
Mo jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, mo ń wo odò.
Kò sẹ́ni tó bu iyọ̀ sí i.