Èéfín Inú Àgbá

Ìbídùnní gbé ìgò náà dé láti Skọ́tíláǹdì,
ó fi síwẹ́tà méjì wé e nínú àpótí
bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun sọdá odò.
"Bàbá, ẹ má gbé e mì káló o.
Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀."
Èmi! Imú yìí tó bọ́ òun àti ìyá rẹ̀
fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní sítọ́ọ̀ kòkó n'Íléṣà.

Òjò ń lu páànù Òkèsà. Mo gbé ife sábẹ́ imú.
Ọsibítù Wẹ́sìlì ló kọ́kọ́ jáde:
áyódìnì, bándéèjì, ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó tutù
lọ́jọ́ tí àdá ṣá mi lẹ́sẹ̀ ní kékeré.
Mo bú sẹ́rìn-ín.
Ṣé ohun tí òyìnbó ń tà lówó gọbọi nìyí,
omi ìfọgbẹ́?

Ọmọ mi fi ṣíbí kán omi sí i, ẹ̀kán kan péré.
Ó ní ilẹ̀ ni wọ́n ń gé lọ́hùn-ún,
ilẹ̀ àbàtà tí koríko ti ń kú sí láti ìwáṣẹ̀,
wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi dáná lábẹ́ ọkà bálì,
èéfín á wọ ọkà, á bá ọkà wọ ọtí.
Àgbá tí wọ́n wá rọ ọ́ sí,
wáìnì Sípéènì ló ti kọ́kọ́ gbé ibẹ̀,
wáìnì dúdú, aládùn, ti èso tí oòrùn ti fún gbẹ.
Ọdún mẹ́rìndínlógún nínú òkùnkùn.
Mo ní èyí kò le, ó yé mi:
ewé tó pẹ́ lára ọṣẹ, ṣebí ọṣẹ náà ló ń dà.

Ìgbà náà ni mo tó tọ́ ọ wò.
Iná ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ahọ́n mi,
lẹ́yìn náà adùn kan yọ́ wọlé,
àgbálùmọ̀ tó rọ̀ jù, oyin, èèpo ọsàn,
omi funfun ara kòkó tútù
tí à ń fà mu lábẹ́ igi kí àgbà tó dé.
Mo gbé e mì.
Èéfín sì gba ọ̀fun mi gòkè padà,
kì í ṣe èéfín òkèèrè mọ́.
Ìbòdì ni.
Aṣọ tí ìyá mi fi ń bò wá lóru ni.

Ọdún náà òjò kọ̀, kò dá.
Fámúrewá, bàbá mi, kò rí oòrùn sá kòkó,
ó gbé ẹní sórí àrò, ó fi igi tútù dáná,
òun àti ìyá mi ń yí i mọ́jú,
ojú wọn pọ́n bí ẹyin iná.
Àpò mẹ́rin ló gbé wá.
Èmi ni mo wà nídìí tábìlì,
ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ṣòkòtò kakí, bírò létí.
Mo fi irin gún àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́,
kòkó mẹ́ta bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo gbé e símú.
Gbogbo aláàárù ń wò mí.
Mo kọ ọ́ síwèé: Èéfín. Ẹ gbé e padà.

Òṣómàáló la jẹ́, orí ìlóṣòó la ti ń gbowó,
ṣùgbọ́n bàbá mi kò lóṣòó tì mí.
Ó di ẹnu àpò rẹ̀. Ó ní,
"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá."
Ó ní "ẹ" fún mi. Èmi ọmọ tó bí.

Imú mi kò purọ́ lọ́jọ́ náà.
Òfin ni òfin, kòkó tó gba èéfín sára kò ṣeé tà fún wọn.
Ta ni ì bá sọ fún mi
pé wọ́n ń tì í mọ́ inú àgbá níbì kan bí owó,
tí wọ́n ń ka ọdún lé e lórí?

"Báwo ni, Bàbá?" Ìbídùnní ń rẹ́rìn-ín.
"Gíréèdì kélòó lẹ fún un?"
Òjò ò tíì dá.
Ọwọ́ mi ti lọ sí etí,
ó ń wá bírò.