Ọ̀nà Kan Ṣoṣo

Lóṣù tí oòrùn kì í wọ̀,
a ru pákó lọ sí àbàtà ẹ̀yìn abúlé.
Ilé-iṣẹ́ ẹja ló san owó ìṣó,
ilé-ìwé yá wa lọ́mọ mọ́kànlá, òòlù méje.
Oddvar, tí kì í kí èèyàn látìgbà tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ti rì,
òun ló kọ́kọ́ dé,
ayùn léjìká.

Ẹsẹ̀ àlejò ti tẹ koríko ibẹ̀ di ẹrẹ̀,
ẹyẹ tó ń yé síbẹ̀ ti ṣí lọ.
Ọ̀nà kan ò wọjà, lóòótọ́,
ṣùgbọ́n àbàtà ò fẹ́ ju ọ̀nà kan lọ.

Ìjọba fi pátákó ránṣẹ́: ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ YÀ.
Risten wò ó, ó fi dáná kọfí.
Ó gbẹ́ ẹyẹ kéékèèké láti ara ìwo àgbọ̀nrín,
ó kàn wọ́n mọ́ pákó lọ́kọ̀ọ̀kan,
gbogbo wọn ń sàba.
Àwọn ọmọdé ń kà wọ́n lọ títí dé orí òkè,
wọn ò rántí yà.

Lánàá, yìnyín tún bo gbogbo rẹ̀.
Mo bá Oddvar lórí afárá, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá a,
òun nìkan, nínú òkùnkùn ọ̀sán.
Ó gbójú sókè.
Ó ní, "Rọra. Ó ń yọ̀."