Ihò Tí Kò Tó Ojú Abẹ́rẹ́

Gíírì ni Píjó bàbá mi máa ń kú sí.
Bí ó bá ṣàánú mi, a gbé mi dé Zúbà.
Kì í pariwo, kì í yọ èéfín,
a kàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì
bí àgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó wá gbé e mì,
a sì dákẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì,
òun, èmi, àti ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi,
nínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà tó ń yan òrùlé ọkọ̀ bí ẹni yan ẹ̀pà.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sábẹ́ dongoyárò,
mo bú u, mo bẹ̀ ẹ́, mo mu omi inú ọ̀rá.
Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó jí,
bí ẹni pé èmi ni mo sùn.

Mo gbé e lọ sí Àpò.
Obiefuna ní pọ́ǹpù ni. Mo ra pọ́ǹpù.
Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní rárá o, asẹ́ epo ló dí;
ó fà á yọ, ó gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́:
iyanrìn pupa, èérún ìpẹtà, ìyẹ́ kòkòrò kan.
"Àǹtí, ẹ wo ohun tí ọkọ̀ yín ń mu."
Wọ́n tú kabúrétọ̀ sórí páálí,
wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ àwọn ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan
(a kì í ki wáyà bọ̀ ọ́, wọ́n ní, kí ihò má baà fẹ̀).
Wọ́n ṣí ìdí táǹkì. Omi ló kọ́kọ́ dà,
omi àwọn ọmọ tó ń ta epo inú kẹ́ẹ̀gì lọ́nà Kwali
lọ́sẹ̀ tí gbogbo ilé epo ti géètì.
Owó oṣù mi bá omi náà lọ.
Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kú ní Gíírì.

Gimba ló rí i.
Ará Gbagyi, tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Zúbà.
N kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ibòòji ni mo wá tọrọ.
Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀,
ó nawọ́: "Kọ́kọ́rọ́."
Ó yí ọmọrí táǹkì,
fììììn!
Táǹkì mí kanlẹ̀,
bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ lábẹ́ omi.
Ó gbé ọmọrí náà sójú oòrùn, ó ń wá ihò.
"Epo ń jáde, afẹ́fẹ́ ò wọlé.
Pọ́ǹpù fà á, fà á, ó rẹ̀ ẹ́."

Èmi ni mo ra ọmọrí yẹn.
Àkísà ni bàbá mi fi ń dí ẹnu táǹkì,
àgékù ṣòkòtò tó wọ̀ lọ́jọ́ tó gba ọkọ̀ náà ní Kàdúná,
ọdún tó ṣáájú ìbí mi.
Ojú a máa tì mí nílé epo
bí ọmọ tó ń rọ epo bá fi ìka méjì fà á yọ bí òkú eku.
Ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin bàbá, mo jù ú sórí ààtàn.
Mo ra èyí tó ń dán, tó ní kọ́kọ́rọ́ méjì.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ yìí,
Kọ̀ǹtàgórà, Bídà, Mínnà, àbọ̀ Ìlọrin,
kò sọ fún mi rí pé àkísà ń mí.

Gimba fi ìṣó àti òòlù lu ihò kan.
Mo fẹ́ sanwó. Ó ní kí n sún ọkọ̀ kúrò níwájú òun.

Báyìí, mo ń rọ epo kí ọwọ́ àmì tó sún mọ́ òfìfo,
nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni táǹkì gbígbẹ fi ń bọ́ pọ́ǹpù.
Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, mo pààrọ̀ asẹ́.
Láàárọ̀, mo ń gbóòórùn rọ́bà epo
bí ìyá ṣe ń gbóòórùn orí ọmọ tuntun.
Bí mo bá sì ti ń sún mọ́ Gíírì,
mo ń pa rédíò, mo ń tẹ́tí sẹ́yìn.